Ṣé oríkèé ló gan, àbí agbára ló tán? Ìdáhùn sí lẹ́tà yín lórí wíwọn ọwọ́ àti ẹsẹ̀

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí láti Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnu kan: wọ́n gbé aláìsàn lọ fún occupational therapy, ìyẹn ìtọ́jú tó ń dá èèyàn padà sẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, dípò kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀, wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n, nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ. Wọn ò fi àkókò yín ṣòfò. Ohun mẹ́ta ló lè mú kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kọ iṣẹ́. Oríkèé lè gan. Iṣan lè má lágbára. Tàbí kí agbára wà, àmọ́ kó má pẹ́ tó fi ń rẹ̀ ẹ́. Lójú ará ilé, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á ní "ọwọ́ ò ṣiṣẹ́." Ìtọ́jú wọn ò jọra rárá. Ẹni tí oríkèé rẹ̀ gan tí a ní kó lọ máa gbé ohun tó wúwo, ìyà la fi ń jẹ ẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi ń yan ẹja tà ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú wọn lápá ọ̀tún ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Wọ́n fi ohun kan bíi rúlà oníke wọn èjìká wọn, wọ́n kọ 70 fún èyí tí wọ́n dá gbé, 140 fún èyí tí wọ́n bá wọn gbé. Èwo ni ká dì mú? Àwọn ará ilé ní ká máa fa ọwọ́ náà sókè láàárọ̀ lálẹ́ kó lè là. (Ọmọ ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Méjèèjì ni kẹ́ ẹ dì mú, torí àlàfo tó wà láàárín wọn ló ń sọ̀rọ̀.

Ohun tó dà bíi rúlà yẹn ni goniometer. Ó ní ojú róbótó tí wọ́n kọ dígírì sí, ó sì ní apá méjì tí ìṣó kan so pọ̀: ọ̀kan dúró sójú kan, èkejì ń yí. Fún èjìká, wọ́n á gbé ìṣó sí ẹ̀gbẹ́ èjìká, apá tó dúró á tẹ̀lé ìhà ara wálẹ̀, apá tó ń yí á tẹ̀lé egungun apá bó ṣe ń gòkè níwájú. Èjìká tó dá ṣáká ń gòkè dé nǹkan bí 180, ìyẹn ni kí apá nà sókè lẹ́bàá etí.

70 tí màmá fúnra wọn gbé, ohun tí iṣan wọn lè fà nìyẹn. 140 tí wọ́n bá wọn gbé nígbà tí wọ́n dẹwọ́ sílẹ̀, ibi tí oríkèé gbà láti dé nìyẹn. Ẹ fojú ilẹ̀kùn wò ó. Tí irin ìdè ilẹ̀kùn bá ti dógùn-ún, kò sí alágbára tó máa tì í kọjá ibi tó há sí. Tí ìdè bá dán, ṣùgbọ́n tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì ló ń tì í, kò ní ṣí tán, ẹ̀bi ìdè sì kọ́. Ti màmá jọ èkejì yìí jù: oríkèé ṣì là, ọpọlọ ni ò tíì lè pàṣẹ fún iṣan bó ṣe yẹ. Ká ní 70 àti 70 ni wọ́n kọ, a jẹ́ pé oríkèé ti dì, ìtọ́jú náà á sì yí padà. Ẹ má sì fojú fo 40 tó kù kí 140 tó di 180. Kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n lóòrèkóòrè. Bí 70 bá di 80, tí 140 sì di 120, ẹ má tíì máa yọ̀: iṣan ń jí lóòótọ́, àmọ́ oríkèé ti ń dì mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ti fífa ọwọ́ sókè: ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá wọn dúró. Lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, iṣan tó gbá orí egungun apá mọ́ ihò èjìká máa ń dẹ̀, egungun á sì máa yọ́ wálẹ̀ kúrò nínú ihò. Tẹ́rápísìtì máa ń fi ìka wá àlàfo yẹn lábẹ́ ṣóńṣó èjìká: bó bá gba ìbú ìka kan tàbí méjì, ó di kíkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá fa irú apá bẹ́ẹ̀ láti ọrùn ọwọ́, ẹran tó wà láàárín egungun méjì ló ń há, ìrora ibẹ̀ sì lè bá wọn gbé fún oṣù gbọọrọ. Bí ẹ bá fẹ́ bá wọn gbé e, kí ọwọ́ yín kan gba ìgbọ̀nwọ́ wọn láti ìsàlẹ̀, kí èkejì máa ti eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká bọ̀ síwájú, kí àtàńpàkò wọn kọjú sókè. Ẹ má jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ ga ju èjìká lọ, àfi tí tẹ́rápísìtì bá ti kọ́ yín lójú ara rẹ̀. Ẹ má sì fi abíyá fà wọ́n dìde lórí ibùsùn.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló dé tí wọn ò kọ nọ́ńbà agbára, ìyẹn 0 (kò sí agbára rárá) dé 5 (agbára pé) tí wọ́n ń kọ fún àwọn yòókù. Lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, iṣan kan lè máa fà fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé aláìsàn pàṣẹ fún un. Bí ẹ bá na ìgbọ̀nwọ́ wọn díẹ̀díẹ̀, ó ń nà. Bí ẹ bá nà án lójijì, ó ń di pinpin. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tì í á ní ó lágbára, bẹ́ẹ̀ sì ni màmá ò lè fi gbé ife. Nínú irú ọwọ́ yìí, nọ́ńbà agbára máa ń tanni jẹ. Ohun tó yẹ kí wọ́n máa wò ni bóyá màmá lè tẹ ìgbọ̀nwọ́ láìjẹ́ pé èjìká bá a gòkè, àti bóyá ìka lè ṣí lẹ́yìn tó bá ti di nǹkan mú. Ìṣí yẹn ló máa ń pẹ́ jù kó tó padà.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó jẹ wá lógún ju nọ́ńbà lọ. Iná ni iṣẹ́ màmá. Kí wọ́n tó jókòó sídìí ẹja yíyan, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò bóyá ọwọ́ náà mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù: ìgò kékeré méjì, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nínú ọ̀kan, omi tútù nínú èkejì, kí màmá dijú, kí wọ́n máa fi kan ọwọ́ wọn láìtẹ̀lé ètò kan. Ọwọ́ tí ò mọ̀ ọ́n, kò gbọdọ̀ sún mọ́ àyangbẹ lórí iná. Ó lè jóná títí á fi bó láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi kíka ẹja sínú agbọ̀n àti gbígba owó.

ÌBÉÈRÈ: Aránṣọ ni mí ní Ìkòròdú. Mo ṣubú lórí ọ̀kadà, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi dá. Wọ́n tú POP lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àmọ́ ọwọ́ ò ká, mi ò lè di sísọ́ọ̀sì mú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń fomi gbóná jó o, wọ́n sì ń fi tagbára-tagbára tẹ̀ ẹ́. Níbi tẹ́rápì, wọ́n wọn gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n fún ẹ̀rọ tí àwọn tó kù ń fún. Kí ló dé? (Aránṣọ, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Ibi tó dá ni wọ́n ń ṣọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ò fi dandan sọ pé egungun ti le tó láti gba ipá. Dókítà ló máa wo fọ́tò egungun kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fún yẹn ni dynamometer, tó ń wọn agbára tí ọwọ́ fi ń di nǹkan mú. Iṣan tó ń bá a ṣiṣẹ́ gba orí ọrùn ọwọ́ kọjá lọ sí ìka. Bí ẹ bá fún un tokunratokunra, ojú ibi tó dá gan-an ni ipá náà máa bọ́ sí.

Wọ́n ṣì rí ohun púpọ̀ wọ̀n láìsí ẹ̀rọ yẹn. Ọrùn ọwọ́ tó dá ṣáká ń tẹ̀ wálẹ̀ dé nǹkan bí 80, ó ń gòkè dé 70, ó ń yà síhà àtàńpàkò ní 20, síhà ìka tó kéré jù ní 30. Àtẹ́lẹwọ́ ń yí sókè ní 80, ó ń yí dojú délẹ̀ ní 80. Kò dìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé kẹ́ ẹ tó lè jókòó sídìí maṣínì. Nǹkan bí 40 sókè àti 40 sísàlẹ̀ tó fún èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ òòjọ́. Sísọ́ọ̀sì ló máa pẹ́ jù, torí ó fẹ́ kí ọrùn ọwọ́ gòkè díẹ̀ kó sì dúró gbọin, kí àtàńpàkò ṣí dáadáa, kí wọ́n sì máa ṣe é lemọ́lemọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi fífi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán àtẹ́tí, kẹ́ ẹ tó gba aṣọ gígé.

Ìwọ̀n méjì wà tí ẹ lè máa ṣe nílé, irinṣẹ́ rẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́ débi tó lè dé, kí ẹnì kan fi rúlà wọ̀n ọ́n láti orí ìka dé ìlà àtẹ́lẹwọ́ tó sún mọ́ ìdí ìka. Bó bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 3 lónìí, tó di 2 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọwọ́ ń ká nìyẹn. Ìkejì ni ìwúlé, téèpù ìwọ̀n aṣọ yín sì ni ẹ máa lò: ẹ yí i ká ọrùn ọwọ́, ẹ gbé e gba ẹ̀yìn ọwọ́ lọ sí ìdí ìka, ẹ yí i gba àtẹ́lẹwọ́, kẹ́ ẹ tún gba ẹ̀yìn ọwọ́ padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹní kọ 8. Ẹ má fà á le, kó kàn fara kan ara ni. Ẹ wọn ọwọ́ kejì náà. Ẹ máa ṣe é ní àkókò kan náà lójúmọ́, torí ọwọ́ máa ń wú díẹ̀ bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ.

Ẹ̀gbọ́n ń fẹ́ ire fún yín, ṣùgbọ́n ìtẹ̀ tipátipá yẹn ló ń dá yín dúró. Ẹran tó yí oríkèé ká máa ń ya wẹ́wẹ́, á wú, àpá á sì tún so níbẹ̀, ọwọ́ á wá gan ju tàná lọ. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ dára, èyí tí ìgbọ̀nwọ́ yín lè gbà, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ọwọ́ yín fúnra rẹ̀ ni kó máa ká, kó máa nà nínú rẹ̀. Bí ìrora bá ju wákàtí kan sí méjì lọ lẹ́yìn eré ìdárayá, tàbí tó bá jí wú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tàná ti pọ̀ jù nìyẹn.

Tẹ́rápísìtì náà máa ń tẹ̀ ẹ́ dé òpin rẹ̀, àmọ́ ohun tó ń wá yàtọ̀. Ó ń fọwọ́ gbọ́ bí òpin náà ṣe rí. Bó bá le bí awọ tó ń nà díẹ̀, ẹran ló sún kì, eré ìdárayá á nà án. Bó bá kọlu nǹkan bí òkúta, egungun ló kọ egungun, kò sí ìtẹ̀ tó máa ṣí i. Ọ̀dọ̀ dókítà ló kù. Bí kò bá sì tíì kan òpin kankan tí ẹ fi pariwo, ìrora ló dí i, ìrora náà la máa kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí.

Ẹ sáré padà sọ́sibítù bí àtàńpàkò tó ti ń gòkè bá ṣàdédé kọ̀, torí okùn iṣan rẹ̀ lè já lórí ibi tó dá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìjàǹbá. Bákan náà ni bí àtàńpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e bá ń kú tipiri lóru, tàbí bí ọwọ́ bá ń dán, tó ń gbóná, tó ń làágùn, tí ìrora rẹ̀ sì ju bó ṣe yẹ lọ. Kí wọ́n tún wọn èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ yín. Ọwọ́ tó wà nínú ìgbékọ́rùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èjìká rẹ̀ ti lè gan láìsí ẹni tó béèrè.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kọ́ṣẹ́ ní ẹ̀ka tẹ́rápì ọsibítù kan. Ọ̀gá mi wọn agbára ìgbọ̀nwọ́ apẹja kan láàárọ̀, wọ́n kọ 4. Èmi wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án, mo rí 5. Goniometer tiwa náà ò bára mu, wọ́n rí 118, mo rí 125. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣì í? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ẹ̀pẹ́)

ÌDÁHÙN: Ó lè má sí ẹni tó ṣì í nínú yín, àmọ́ ẹ ò wọ̀n ọ́n bákan náà. Inú wa dùn pé ẹ bi wá, torí ibí yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ ti ń bà jẹ́.

Ká mú ti goniometer ṣáájú. Kódà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ìyàtọ̀ dígírì 5 kì í ṣe ohun bàbàrà. Ìyẹn ni pé bí aláìsàn bá kúrò ní 118 bọ́ sí 121, ẹ má kọ ọ́ pé ara rẹ̀ ń yá. 7 tiyín ti kọjá ààlà yẹn, nítorí náà ẹ wá ìdí. Níbi ìgbọ̀nwọ́, ojú egungun tó yọ ní ìhà ìta ni ìṣó gbọ́dọ̀ wà, apá tó dúró kọjú sí ṣóńṣó èjìká, apá tó ń yí kọjú sí egungun tó yọ ní ọrùn ọwọ́ síhà àtàńpàkò. Ẹ fọwọ́ wá egungun wọ̀nyí, ẹ má fojú dá a. Ìṣó máa ń yọ̀ kúrò bí ìgbọ̀nwọ́ bá ti ń ká, ibẹ̀ sì ni nọ́ńbà ti ń yí. Ìgbọ̀nwọ́ tó nà tán ni 0, èyí tó ká tán jẹ́ nǹkan bí 150. Bí kò bá lè nà tán, ẹ kọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, bíi 20 sí 125. Ẹ má kọ "ó dára." Èyí tó bá ka ìwé yín lóṣù tó ń bọ̀ kò ní mọ ohun tí "ó dára" jẹ́.

Ipò ara náà ń yí nọ́ńbà padà. Ẹni tó jókòó á tẹ ẹ̀yìn sẹ́yìn kí apá rẹ̀ lè dà bíi pé ó ga. Bó bá dùbúlẹ̀, kò rí ẹ̀yìn tẹ̀ mọ́. Ọrùn ọwọ́ tí ẹ ń tẹ̀ wálẹ̀ nígbà tí aláìsàn di ẹ̀ṣẹ́ máa kúrú, torí okùn iṣan ẹ̀yìn ìka ti nà tán kó tó dé òpin. Kí ìka dẹ̀.

Ti agbára ló gùn. Ìwọ̀n náà rí báyìí: 0, kò sí nǹkan kan, 1, ẹ fọwọ́ gbọ́ ọ pé iṣan fà, àmọ́ nǹkan ò sún, 2, ó sún títí dé òpin bí a bá gbé e sórí tábìlì tí kò ní láti gbé ìwúwo ara rẹ̀, 3, ó gbé ìwúwo ara rẹ̀ dé òpin, 4, ó gba ìtì díẹ̀ mọ́ ọn, 5, ó gba ìtì tó le, ẹ ò lè bì í wó. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sọ irú ìwọ̀n yìí di mímọ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ibi tí 3 wà ló dáni lójú jù, torí ẹnikẹ́ni lè rí i bóyá ọwọ́ gòkè tàbí kò gòkè. 4 fẹ̀ bí ọ̀sà. Ẹni tó sanra ni ọ̀gá yín, ẹ̀yin tẹ́ẹ́rẹ́? Ìtì tí wọ́n fi rí 4 lè ju ìtì tí ẹ fi rí 5 lọ. Apẹja tó ń fi àjẹ̀ wakọ̀ lójoojúmọ́, ìtì ọwọ́ yín lè má tó nǹkan lójú rẹ̀, kó sì jẹ́ pé ọwọ́ náà ti dín ní ìdá mẹ́ta agbára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ti ọwọ́ tó dá.

Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe ìgbọ̀nwọ́: kó jókòó, kí apá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìhà. Ẹ kọ́kọ́ bá a ká a, kẹ́ ẹ mọ ibi tí oríkèé gbà á dé. Kó wá fúnra rẹ̀ ká a. Bó bá dé òpin, kó gbé e sí nǹkan bí 90. Ọwọ́ yín kan á di apá mú lókè ìgbọ̀nwọ́ kó má bàa yẹ̀, èkejì á tì í wálẹ̀ lókè ọrùn ọwọ́ díẹ̀, kì í ṣe lórí àtẹ́lẹwọ́, torí bí ọrùn ọwọ́ bá fara pa, ìrora rẹ̀ ni ẹ máa kọ sílẹ̀ bí àìlágbára ìgbọ̀nwọ́. Ẹ máa fi ipá kún un díẹ̀díẹ̀, ẹ má jà á. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́: bó bá kọjú sókè, iṣan iwájú apá ló ń ṣe èyí tó pọ̀, bí àtàńpàkò bá kọjú sókè, iṣan mìíràn ló gba iṣẹ́ náà. Bí ọ̀gá bá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ lókè, tí ẹ̀yin sì wọ̀n ọ́n pẹ̀lú àtàńpàkò lókè, iṣan kan náà kọ́ lẹ jọ wọ̀n. Ẹ sì máa wo ẹ̀tàn ara: èjìká tó gòkè, àyà tó fà sẹ́yìn. Bí kò bá lè gbé e lòdì sí ìwúwo rẹ̀, kó gbé apá sórí tábìlì tó ga tó èjìká, kó fi ọwọ́ rìn lórí aṣọ tó ń yọ̀.

Níbi dynamometer, kó jókòó, kí apá lẹ̀ mọ́ ìhà, kí ìgbọ̀nwọ́ ká ní 90, kí àtàńpàkò kọjú sókè, kí ọrùn ọwọ́ gòkè láàárín 0 sí 30. Orí ibi kejì nínú ìpele márùn-ún ni ìmúdání máa ń wà. Kó fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ pa nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kẹ́ ẹ fi 3 pín in. Ẹ fún un ní ìsinmi láàárín wọn, kí ọ̀rọ̀ ìyànjú tí ẹ ń sọ má sì yí padà. Bí ẹ̀ka yín ò bá ní ẹ̀rọ náà, ẹ ká aṣọ ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ fẹ́ ẹ dé 20, kí aláìsàn fún un, kẹ́ ẹ wo ibi tí nọ́ńbà gòkè dé. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe kílò o. Aláìsàn kan náà ni ẹ lè fi wé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má fi wé ẹlòmíì.

Ẹ wo àkókò náà. Bí apẹja náà bá dé láti ọ̀sà láàárọ̀ lẹ́yìn tó ti fa àwọ̀n mọ́jú, 4 ọ̀gá lè jẹ́ òótọ́. Bó bá ti sùn kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, 5 tiyín náà lè jẹ́ òótọ́. Kí ìwé máa sọ wákàtí, ipò ara, àti ẹni tó wọ̀n ọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Àgbọn ni mo ń bó ní Àgbádárìgì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, oṣù mẹ́fà pé. Wọ́n wọ̀n mí, wọ́n ní agbára mi jẹ́ 5 níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n bí mo bá bó àgbọn mẹ́wàá, ojú á máa ṣú mi. Ìyàwó mi rò pé ọ̀lẹ ti wọ̀ mí. (Alágbọn, Àgbádárìgì)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu, ẹ sì kú ìfaradà oògùn. Kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ fi ojú ìwé yìí han ìyàwó. 5 yẹn ń sọ ohun tí iṣan yín lè ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àgbọn bíbó jẹ́ ohun tí à ń ṣe lọ́gọ́rùn-ún ìgbà. Ẹ̀dọ̀fóró tí àìsàn ti bà àti iṣan tó ti sinmi pẹ́ ló ń já yín kulẹ̀, wọn ò sì tíì wọn ìyẹn.

Ẹ ní kí wọ́n ṣe ìrìn ìṣẹ́jú 6 fún yín: ilẹ̀ tó tẹ́ jú, mítà 30, ẹ máa lọ ẹ máa bọ̀, kẹ́ ẹ rìn jìnnà bó bá ti lè ṣeé ṣe. Ẹ lè dúró sinmi, àmọ́ aago ò ní dúró. Mítà tí ẹ rìn ni wọ́n á kọ. Wọ́n á ka lílù ọkàn yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti ní kété tẹ́ ẹ bá dúró, wọ́n á sì ka ìṣẹ́jú tó gbà kó tó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Bí lílù ọkàn bá ti ju 120 lọ nígbà tí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n má tíì bẹ̀rẹ̀. Bí àyà bá ń dùn yín, tí òógùn tútù bo yín, tàbí tí ẹ̀ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kí wọ́n dá a dúró.

Wọ́n á tún bi yín bó ṣe le tó lára yín, láti 6 dé 20. Gunnar Borg, ará Sweden, ló gbé ìwọ̀n yìí kalẹ̀: 6 ni ìgbà tí èèyàn jókòó tí kò ṣe nǹkan kan, 11 jẹ́ fúyẹ́, 13 ti ń le díẹ̀, 20 ni ibi tí ara ti pin. Ẹ má parọ́ láti fi hàn pé ẹ jẹ́ akọni. Nọ́ńbà tí ẹ bá sọ ni wọ́n máa fi ṣètò iṣẹ́ yín.

Lẹ́yìn náà, ìwọ̀n tó ṣe pàtàkì jù: àgbọn gan-an. Ẹ bó o bí ẹ ṣe máa ń ṣe, kí ẹnì kan máa kà á, kó sì sàmì sí èyí tí ọwọ́ yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Bó bá jẹ́ ẹ̀kẹjọ, ẹ máa dúró ní ìkárùn-ún, kẹ́ ẹ jókòó títí mímí yín á fi balẹ̀, kẹ́ ẹ tún bó márùn-ún. Ẹni tó ń dúró kó tó rẹ̀ ẹ́ máa ń bó àgbọn tó pọ̀ ju ẹni tó ń dúró lẹ́yìn tó ti rẹ̀ ẹ́ lọ, torí ìsinmi tirẹ̀ kì í gùn. Bí bíbó àgbọn márùn-ún bá ti wà ní 11 lára yín fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ẹ fi ọ̀kan kún un. Ẹ má sé èémí nígbà tí ẹ bá ń ti àgbọn mọ́ irin, ẹ máa mí síta. Èémí tí a sé ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Bí irin náà bá kúrú tó fi ń mú yín tẹ̀ ba, ẹ gbé e ga dé ìbàdí. Bí ikọ́ bá padà, tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú itọ́, tí ẹsẹ̀ wú, tàbí tí èémí ń ge yín ní ìjókòó, ọ̀dọ̀ dókítà ni o, kì í ṣe ọ̀dọ̀ tẹ́rápísìtì.

ÌBÉÈRÈ: Làkúrègbé wà ní eékún mi méjèèjì. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ní 105. Ṣé mo tún lè kúnlẹ̀ kírun? (Ìyá àgbà, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, 105 tó láti jókòó lórí àga kẹ́ ẹ sì dìde, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ àtẹ̀gùn. Jíjókòó lé gìgísẹ̀ lẹ́yìn ìforíkanlẹ̀ máa ń béèrè ju 135 lọ, kò sì yẹ kẹ́ ẹ fipá wá a lórí eékún tó ń ro. Ẹ kírun lórí àga. Ẹ̀sìn fàyè gbà á fún ẹni tí ara rẹ̀ ò gbà. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n tún wọ̀n fún yín ni agbára itan: àga tó ga tó sẹ̀ntímítà 43, tó fara ti ògiri, ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí wọ́n ka iye ìgbà tí ẹ dìde dúró tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Kí ẹnì kan dúró tì yín. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, kẹ́ ẹ tún un ṣe lóṣù tó ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Báwo la ṣe lè mọ tẹ́rápísìtì gidi, kí la sì máa mú dání? (Òǹkàwé, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Medical Rehabilitation Therapists Board, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Kò yẹ kó bínú sí ìbéèrè yẹn. Ẹ lè gba ìwé ìtọ́ka ní ọsibítù jẹ́nẹ́rà tó wà ní Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbádárìgì. Ẹ mú fọ́tò egungun àti káàdì àtijọ́ dání. Ẹ wọ aṣọ tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeé ká sókè. Ẹ kọ iṣẹ́ mẹ́ta tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà kọ̀ láti ṣe sínú ìwé, kó ṣe pàtó: "mi ò lè wé gèlè," "mi ò lè gbé korobá omi ju ibi kànga dé ilé." Bí ẹ bá sì lo oògùn ìrora láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí oríkèé tí oògùn ti pa ìrora rẹ̀ máa ń jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ, nọ́ńbà ọjọ́ náà ò sì ní bá ti ọjọ́ kejì mu.